Kí ẹ tó gbé oògùn ọkùnrin mì: àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú

Ẹni tó bá ń ta oògùn mọ bí wọ́n ṣe máa ń wọlé. Ọkùnrin náà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, á máa wo páálí fítámì, títí ẹni tó kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù á fi jáde. Lẹ́yìn náà á sún mọ́ káńtà, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú nǹkan yẹn." Bí mo bá bi í pé ṣé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kíá ló máa ní rárá. Bí mo bá bi í pé oògùn wo ló ń lò lọ́wọ́, á ní kò sí. Ó ṣáà fẹ́ gbà á kó máa lọ kí ẹlòmíràn tó wọlé bá a. Ìtìjú yẹn ni mo fẹ́ bá jà níbí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló lè lo oògùn yìí láìséwu bí wọ́n bá lò ó bó ṣe yẹ, àmọ́ ó lè pa ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pamọ́ fún apòògùn.

Oògùn tí mò ń sọ ni sildenafil, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Viagra, àti tadalafil, tí orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́jà ń jẹ́ Cialis. Vardenafil àti avanafil náà wà. Ọmọ ìyá kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìlú Sandwich ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer ti ṣe sildenafil, oògùn àyà ni wọ́n sì ń wá nígbà yẹn, fún àwọn tí àyà máa ń fún mọ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó iṣan ọkàn wọn. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi dán an wò ló kíyè sí nǹkan mìíràn. Ní oṣù kẹta ọdún 1998, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún àìlera ọkùnrin. Ẹ fi ìtàn yẹn sọ́kàn. Oògùn iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, ó máa ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ là, kì í sì í ṣe ibi tí ẹ fẹ́ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí ohun tó fà á

Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí nǹkan ọkùnrin tín-ín-rín, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà 1 sí 2 lọ. Èyí tó ń bọ́ ọkàn fẹ̀ tó mílímítà 3 sí 4. Bí ọ̀rá bá ń dí iṣan ara díẹ̀díẹ̀, èyí tó tín-ín-rín ló máa kọ́kọ́ fi hàn. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin kan fi lè máa rí ìjákulẹ̀ nínú yàrá lónìí, tí àìsàn ọkàn á sì yọjú lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Oògùn lè mú kó dìde lálẹ́ òní, kò ní ṣí iṣan ọkàn tó ń dí.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wò, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò láàárọ̀ kí ẹ tó fi nǹkan kan ẹnu, kí wọ́n sì yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ṣúgà àárọ̀ bá dé 126 lórí ẹ̀rọ tó ń ka mg/dL, tàbí 7.0 lórí èyí tó ń ka mmol/L, tí wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni, òun gan-an sì wà lára ohun tó ń sọ ọkùnrin di aláìlera jù. Bó bá jẹ́ pé ìfẹ́ obìnrin fúnra rẹ̀ ló kúrò lọ́kàn, ẹ sọ fún dókítà kó yẹ testosterone wò, ìyẹn ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ìfẹ́ obìnrin wà lára ọkùnrin. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ fún èyí.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ lè fi bi ara yín nílé láìná kọ́bọ̀: ṣé ó ṣì máa ń le bí ẹ bá jí láàárọ̀? Bó bá ń le láàárọ̀ tó wá ń kọ̀ lálẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrònú, gbèsè, ìjà ilé tàbí ìbẹ̀rù ló wà nídìí rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má nílò oògùn rárá.

Oògùn mìíràn sì lè wà nídìí rẹ̀. Nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn tó ń mú ni tọ̀ bíi hydrochlorothiazide, àti methyldopa, propranolol pẹ̀lú atenolol, lè dín agbára ọkùnrin kù. Lára àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àwọn kan tún ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ yín, ẹ má fúnra yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí ohun tí ẹ kà yìí. Ẹ lọ bá dókítà tó kọ ọ́, ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín gan-an, ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá dá a dúró, rọpárọsẹ̀ lè dé, òun náà kò sì dára fún yàrá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́

Bí ẹ bá fẹ́ gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Àwọn oògùn àyà kan wà tí wọ́n ń pè ní nitrate. Orúkọ tí ẹ máa rí lára páálí wọn ni glyceryl trinitrate tàbí nitroglycerin, isosorbide dinitrate, isosorbide mononitrate. Òmíràn jẹ́ hóró kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n bí àyà bá ń dun ni, òmíràn jẹ́ èyí tí wọ́n ń fín sẹ́nu, òmíràn wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Ẹni tó bá ń lo ọ̀kankan nínú wọn, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kò gbọ́dọ̀ fi sildenafil tàbí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kan ẹnu.

Ẹ wo bó ṣe rí. Bí nitrate bá wọ ara, ńṣe ló dà bí ẹni ṣí ẹ̀rọ omi: ohun tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa ya wọ inú ara. Lọ́jọ́ mìíràn, ara ní ihò tí ohun náà máa ń gbà ṣàn lọ kó má baà pọ̀ jù. Oògùn ọkùnrin ló wá dí ihò yẹn pa. Ẹ̀rọ ṣí, ihò dí. Gbogbo iṣan ara á là lẹ́ẹ̀kan náà, BP á já lulẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ àti ọkàn mọ́, ẹni náà á dákú, ó sì lè má jí.

Ewu yìí kì í parí lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹ bá ti lo sildenafil tàbí vardenafil, wákàtí 24 ó kéré tán gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fún yín ní nitrate. Ti tadalafil jẹ́ wákàtí 48, torí pé ó máa ń pẹ́ lára. Nicorandil, tó jẹ́ oògùn àyà, àti riociguat, tó wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró, wà lábẹ́ òfin kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London tàbí New York, ohun tí wọ́n ń fín símú lóde àríyá tí wọ́n ń pè ní poppers, nitrite ni, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti nitrate. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ láéláé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ṣé ọkàn yín gbé iṣẹ́ náà?

Iṣẹ́ ni ìbálòpọ̀ fún ọkàn. Àwọn dókítà ọkàn ní ìdánwò tó rọrùn: bí ẹ bá lè rin ìrìn kíkán tó kìlómítà kan àti ààbọ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì láìdúró, tí àyà kò dùn, tí èémí kò sì já, ọkàn yín lè gbé e. Bí àyà bá ń fún mọ́ yín níbi àtẹ̀gùn, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kí ẹ gbà kí ẹ tó yà sí ilé oògùn.

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ tàbí ìkọlù ọkàn mú láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kó dúró ná. Ẹni tí àyà ń dùn láìṣiṣẹ́, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, bákan náà. Ẹ yẹ BP wò láàárín ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ náà, ẹ má lo ti ọdún tó kọjá. Bó bá ju 170/110 lọ, tàbí tó bá kéré sí 90/50, kò tíì tó àkókò.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé tí BP rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, lè lo oògùn ọkùnrin nígbà púpọ̀. Nígbà tí wọ́n fún àwọn tó ń lo amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, ní sildenafil, BP wọn tún fi nǹkan bí 8 lókè àti 7 nísàlẹ̀ wálẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí kò mọ iye tí BP rẹ̀ jẹ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kó gbogbo oògùn ilé sínú ọ̀rá kan

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí. Ẹ kó oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá, títí kan èyí tí ẹ rà ní kẹ́mísì fún ikọ́ àti èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, kí ẹ gbé e lọ síwájú apòògùn. Àwọn tí ojú mi máa ń wá nínú ọ̀rá nìyí.

Oògùn próṣítéètì: tamsulosin, alfuzosin, doxazosin, terazosin, àti prazosin tí wọ́n tún ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló sábà ń lò wọ́n, àwọn náà ló sì sábà ń wá oògùn ọkùnrin. Méjèèjì ń fa BP wálẹ̀, bàbá á kàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, òyì á gbé e ṣubú. Wọn kò fòfin de lílò wọn pọ̀ pátápátá, àmọ́ ara gbọ́dọ̀ ti mọ́ oògùn próṣítéètì dáadáa kí wọ́n tó fi sildenafil 25mg bẹ̀rẹ̀.

Oògùn tó ń jẹ́ kí sildenafil pẹ́ lára kó sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ: ketoconazole àti itraconazole fún ààrùn awọ, erythromycin àti clarithromycin fún ikọ́ àti ọ̀nà ọ̀fun, àti ritonavir tó máa ń wà nínú oògùn HIV kan. Ẹni tó bá ń lo ritonavir kò gbọ́dọ̀ ju sildenafil 25mg lọ láàárín wákàtí 48. Oògùn HIV tó ní dolutegravir láìsí ritonavir nínú kò ní ìṣòro yìí. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti dárúkọ oògùn HIV ní káńtà. Ẹ lè fi páálí rẹ̀ hàn láìsọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ ní kí apòògùn jẹ́ kí ẹ jọ wọ inú yàrá. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Rifampicin tí wọ́n fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ ní tirẹ̀ máa ń tètè fọ oògùn náà dànù lára. Aláìsàn á rò pé oògùn kò dára, á gbé méjì mì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ ti bà jẹ́ gan-an náà ní láti sọ ọ́ jáde.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Jẹ́níótaìpù àti ojú

Ní ilẹ̀ wa, n kò mọ ìdí tí ìbéèrè yìí fi máa ń ṣọ̀wọ́n níbi títa oògùn. Ọkùnrin tó ní fònikú-fọ̀ladìde, SS tàbí SC, wà nínú ewu pé kí okó rẹ̀ le kó má sì rọ̀ mọ́, kódà láìlo oògùn kankan. Ọ̀pọ̀ wọn ti rí i rí láti ìgbà ọ̀dọ́, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2009, wọ́n ń dán sildenafil wò ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára àwọn tó ní àrùn yìí, nítorí ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró, ni wọ́n bá dá a dúró láìtó àkókò, torí pé ìrora egungun ń gbé àwọn tó ń lò ó lọ sí ọsibítù ju àwọn tí kò lò ó lọ. Bí ẹ bá jẹ́ SS, dókítà tó ń tọ́jú yín nìkan ló lè dá sí i. Ti AS yàtọ̀.

Ní ti ojú, ẹni tó ní retinitis pigmentosa, àrùn ìdílé tó ń jẹ ẹ̀yìn ẹyinjú, tàbí tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ lójijì rí nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé iṣan rẹ̀, kó jìnnà sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àgbo, paraga àti ohun tó wà nínú ìgò

N kò bá àgbo jà. Ilé tí wọ́n ti ń se àgbo ni wọ́n ti tọ́ mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ bá ti mu àgbo ale, paraga tàbí burantashi, ẹ má gbé sildenafil lé e. Burantashi ní yohimbine nínú, ó ń mú kí ọkàn sáré, kí BP sì lọ sókè. Paraga ní ọtí líle nínú, ọtí sì ń fa BP wálẹ̀. Ẹ wá fi oògùn iṣan ẹ̀jẹ̀ sáàárín wọn, kò sí ẹni tó lè sọ ibi tó máa já sí. Àwọn ọmọkùnrin tó ń pa á pọ̀ mọ́ tramadol pẹ̀lú ọtí amóríyá, ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Tramadol lè fa gìrì, ó sì lè dá èémí dúró.

Èyí tó tún burú ni ohun tí wọ́n kọ "ewé lásán" sí lára, tí kì í ṣe ewé lásán. Léraléra ni FDA ti rí sildenafil tàbí tadalafil nínú kápúsù àti ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà bí ewé àti egbò. Ẹni tó ń lo nitrate, tó sá fún Viagra nítorí pé dókítà kìlọ̀ fún un, lè gba inú ewé yẹn ṣe ara rẹ̀ níjàǹbá. Ní Singapore, láàárín oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ ọdún 2008, èèyàn 150 tí kò ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n gbé dé ọsibítù nítorí pé ṣúgà ara wọn já lulẹ̀. Mẹ́rin kú. Nígbà tí wọ́n wádìí, ayédèrú oògùn ọkùnrin ni wọ́n tọ ọ̀rọ̀ náà dé, glibenclamide sì wà nínú rẹ̀, oògùn àtọ̀gbẹ tí àwọn ìyá wa mọ̀ sí Daonil.

Ìgbésẹ̀ keje: Ibi tí ẹ ti máa rà á

Ẹ má rà á nínú mọ́tò, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú garawa. Ní Nàìjíríà, ìwé dókítà ni òfin ní kí wọ́n fi tà á, ìwé àṣẹ tí kẹ́mísì kékeré ní kò sì dé ibẹ̀. Ẹ lọ sí fámásì tí ìwé àṣẹ apòògùn wà lára ògiri rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Nàìjíríà, lára páálí, kí ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú Greenbook, àkọsílẹ̀ oògùn tí NAFDAC gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bà jẹ́, lára páálí àti lára sáṣẹ́ẹ̀tì, bóyá wọ́n bára mu.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2018, apòògùn lè ta sildenafil 50mg láìsí ìwé dókítà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi yín ní àwọn ìbéèrè tí mo ti tò sílẹ̀ yìí. Àwọn ará wa kan ń purọ́ síbẹ̀ kí wọ́n lè tètè gbà á. Ara yín lẹ ń purọ́ fún.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìwọ̀n

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Sildenafil 50mg ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lé ní ọdún 65, tàbí tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò dára tó, á fi 25mg bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju 100mg lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́. Ẹ lò ó ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú. Ó lè ṣiṣẹ́ títí di wákàtí mẹ́rin. Bí ẹ bá ti jẹ àmàlà pẹ̀lú ẹran ọlọ́ràá tán, ó máa pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Tadalafil 10mg ni ìbẹ̀rẹ̀, 20mg ni òpin, ó lè wà lára fún wákàtí 36, oúnjẹ kò sì dí i lọ́wọ́.

Oògùn yìí kì í dá ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí ìfẹ́, bí ẹ kò bá fọwọ́ kan ara yín, kò ní dìde. Mo tẹnu mọ́ ọn torí pé ẹlòmíràn á gbé e mì, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa wo aago. Bí kò bá rí nǹkan kan, á tún gbé òmíràn mì. Ẹ̀ẹ̀mejì lóru kan, ó ti ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má sì pa sildenafil àti tadalafil pọ̀.

Orí fífọ́, ojú gbígbóná, imú dídí, inú títa, kí ojú máa rí nǹkan ní àwọ̀ búlúù díẹ̀: ìwọ̀nyí sábà máa ń lọ fúnra wọn. Tadalafil tún lè mú kí ẹ̀yìn dun ni lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Kí ẹnì kan mọ̀

Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mọ̀. Mo mọ̀ pé ibi tó le jù fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin nìyí, àmọ́ òun ló máa wà níbẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ àwọn àmì yìí fún un. Bó bá ti le ju wákàtí mẹ́rin lọ tí kò rọ̀, ẹ máa lọ sí ọsibítù lóru náà. Ẹ má dúró de àárọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi gbígbóná jó o. Bó bá pẹ́, ẹran ibẹ̀ lè bà jẹ́, kó má sì dìde mọ́ láéláé. Bí ojú kan bá ṣókùnkùn lójijì, tàbí tí etí di, ẹ dá oògùn dúró kí ẹ sì lọ. Bí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn nígbà ìbálòpọ̀, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé yín lọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá yín ní hóró abẹ́ ahọ́n tirẹ̀.

Kí ẹ tó gbé e mì, ẹ kọ orúkọ oògùn náà, iye mg rẹ̀, ọjọ́ àti aago sórí ìwé pélébé kan, kí ẹ fi sínú àpamọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì yín. Bí wọ́n bá gbé yín dé ọsibítù tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀, ìwé yẹn ni dókítà máa rí kó tó na ọwọ́ sí nitrate.